Ẹni Tó Di Iná Mú Kì Í Dijú

Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ènìyàn lè dé ilẹ̀ àjèjì kó bá èdè ìyá rẹ̀ níbẹ̀, kó sì jẹ́ àjèjì síbẹ̀síbẹ̀. Kétu ni wọ́n bí mi sí, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Faransé la fi ń kàwé, Yorùbá la fi ń kọrin nínú ìjọ. Nígbà tí mo dé Òmù-Àrán, tí mo gbọ́ bí àwọn ènìyàn ṣe ń kí ara wọn, mo ní, Olúwa ṣeun, ilé náà ni mo ṣì wà. Mo bá kí obìnrin kan tó ń ta ẹ̀pà sísun lẹ́bàá ọ̀nà. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó yíjú sí ẹnì kejì rẹ̀.

"Kí ló ń wí?"

"Ọmọ Kùtọnu ni. O ò gbọ́ bó ṣe ń fi imú sọ̀rọ̀?"

Mo ní, "Ẹ má bínú, mà. Kétu kì í ṣe Kùtọnu. Wọ́n jìnnà síra wọn."

Ẹ̀rín pa wọ́n. "Ọmọ Kùtọnu ní ká má pe òun ní ọmọ Kùtọnu!" Bí mo ṣe gba orúkọ ládùúgbò nìyẹn.

Yorùbá tí gbogbo ayé ń sọ ni wọ́n fi ń bá mi sọ̀rọ̀. Tó bá di àárín ara wọn, wọn a padà sí ẹ̀ka èdè Ìgbómìnà tiwọn, bí ẹni tó pa ilẹ̀kùn dé ṣùgbọ́n tí kò tì í. Mò ń gbọ́ ìdajì ọ̀rọ̀. Ká ní ọ̀dọ̀ àwọn tí mi ò gbọ́ èdè wọn rárá ni mo lọ ni, mi ò bá má retí ohunkóhun. Ìdajì tí mò ń gbọ́ yẹn gan-an ló ń dùn mí.

Iná ni mo wá kọ́. Ẹgbẹ́ eléré ìjọ kan láti Nàìjíríà ló wá sí ìlú wa lọ́dún kan, wọ́n ta aṣọ funfun sára ògiri ilé ìjọsìn, wọ́n sì fi fíìmù hàn wá. Obìnrin àgbàlagbà kan ń sunkún nínú rẹ̀. Gbogbo ìjọ ń bá a sunkún. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ni èmi ń wò: apá kan mọ́lẹ̀, apá kan ṣókùnkùn, omijé sì ń ṣàn gba àárín méjèèjì. Nígbà tó parí, mo bi olórí ẹgbẹ́ náà pé ta ló tan iná yẹn. Ó ní nínú gbogbo ìlú tí àwọn ti dé, ẹnikẹ́ni ò bi òun ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí. Ó kọ orúkọ ènìyàn méjì fún mi.

Ẹni àkọ́kọ́ ni Bàbá Oyèníran. Wọ́n ti ń di kámẹ́rà mú ní Èkó àti ní Jọ́ọ̀sì kí wọ́n tó bí mi, lẹ́yìn náà ni wọ́n padà sí Òmù-Àrán, ìlú wọn, láti máa ya fíìmù fún àwọn ìjọ. Ẹnì kejì ni Alfa Jímọ̀, ará Ṣàárẹ́, tó ń to iná fún wọn. Mùsùlùmí tó ń to iná fún fíìmù ìjọ: èmi nìkan lọ̀rọ̀ náà yà lẹ́nu. Níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n lè wà ní mọ́ṣáláṣí kí àbúrò wà nínú ẹgbẹ́ akọrin.

Bàbá Oyèníran kì í pariwo, ìyẹn ló sì jẹ́ kí ẹ̀rù wọn máa bà mí.

"Oṣù mẹ́ta," ni wọ́n sọ fún mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́. "A ní fíìmù kan tí a fẹ́ yà. Tó bá parí, màá sọ fún ẹ bóyá kó o dúró tì wá tàbí kó o máa lọ sílé. Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ dídùn dá ẹ dúró. Ṣé ó yé ẹ?"

"Ó yé mi, sà."

"Kò tíì yé ẹ. Ó ń bọ̀ wá yé ẹ."

Ilé-ìwé ìjọ ní ìlú wa ti fi ààyè olùkọ́ kan sílẹ̀ dè mí, nítorí bàbá mi tó jẹ́ ajíhìnrere kí ó tó kú. Wọn ò lè dúró ju oṣù mẹ́ta yẹn náà lọ. Tí mo bá kọ ààyè yẹn, tí Bàbá Oyèníran sì tún ní kí n máa lọ, òfo ni màá bá padà sọ́dọ̀ ìjọ tó gbọ́wọ́ lé mi lórí, tó gbàdúrà rán mi jáde.

Fún ọ̀sẹ̀ méjì, wọn ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan iná kankan. Oòrùn ni Alfa Jímọ̀ ní kí n máa wò. Àkókò ìrun ni wọ́n fi ń ka iṣẹ́. "Ní ìgbà àìlà, lọ́sàn-án gangan, orí ni oòrùn ń jókòó lé," ni wọ́n wí. "Gbogbo ojú á ní ihò bí àgbárí. Má ya ojú ẹnikẹ́ni níta nígbà yẹn. Ó di alaásárì, tí oòrùn bá ti ń rọlẹ̀, kí ojú tó gba ìmọ́lẹ̀. Ká tó kí mọ̀gàríbì, ó ti lọ nìyẹn." Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ mi bẹ́ẹ̀. Mo sọ fún màmá mi lórí fóònù pé alaásárì la máa ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

"Ọmọ mi, ṣé ọ̀dọ̀ àwọn onígbàgbọ́ náà la rán ẹ lọ ṣá?"

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni Alfa rán mi lọ sí Èsìẹ́, kí n lọ wo àwọn ère òkúta níbi tí wọ́n kó wọn jọ sí. "Má mú nǹkan kan dání. Mú ojú kan ṣoṣo nínú wọn, kó o wò ó láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Wá sọ ìgbà tó rẹ́rìn-ín fún mi." Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ mi pé kí n yí ojú mi kúrò lára ère. Mo ń gbàdúrà lórí ọ̀kadà títí ẹni tó gbé mi fi bi mí bóyá eré tí òun ń sá ló ń bà mí lẹ́rù.

Mo mú obìnrin kan tó jókòó, tí ọwọ́ rẹ̀ wà lórí orúnkún. Láàárọ̀, inú ń bí i. Nígbà tó di ọ̀sán, kò wí nǹkan kan. Lẹ́yìn náà, ìmọ́lẹ̀ yọ́ wọlé láti ẹ̀gbẹ́, ó kan etí ẹnu rẹ̀, mo sì rí i pé ẹni tó rántí nǹkan dáadáa ni obìnrin yìí. Òkúta ò kúrò lójú kan. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fún ẹnì kan lọ́gbọ́n gbígbẹ́ irú ẹnu bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni yòówù kó jẹ́. Nígbà tí mo padà, mo ní, "Ẹ ń kí alaásárì lọ́wọ́ nígbà tó rẹ́rìn-ín." Alfa Jímọ̀ kàn ní, "Lọ́la, wá gbé iná."

Mo kọ́ pé àwọ̀ dúdú kì í fẹ́ kí wọ́n tú iná dà lé òun lórí. Bí o bá ṣe bẹ́ẹ̀, á máa dán bí ìkòkò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, o ò sì ní rí ènìyàn mọ́. Ara ògiri tàbí pátákó funfun ni kí o da iná sí, kí èyí tó bá padà wá rọra kan ojú. Mo kọ́ láti máa wo àwọ̀ ènìyàn bí àgbẹ̀ ṣe ń wo ojú ọ̀run. Ẹni kan náà ò ní àwọ̀ kan náà láàárọ̀ àti lọ́sàn-án. Tó bá bínú, á yí padà. Tí ebi bá ń pa á, á yí padà.

Ilé Màmá Àdúkẹ́ ni mò ń gbé. Opó ni, díákónì ìjọ ni, òun sì ni àgbà òṣèré nínú fíìmù wa. Mo sọ fún un lọ́jọ́ kan pé àárò àkàsà ń sọ mí, mo sì ṣàlàyé bí a ṣe ń sè é.

"Ẹ̀kọ nìyẹn."

"Kì í ṣe ẹ̀kọ, mà. Àkàsà ni."

"Ẹ̀kọ ni, ọmọ Kùtọnu. Ẹ̀kọ ló lọ sókè òkun tó yí orúkọ padà."

Mo rẹ́rìn-ín, mo wọ yàrá lọ, mo sunkún díẹ̀. Bó ṣe rí nìyẹn. Lọ́jọ́ Ìsinmi, orin tí mo mọ̀ ni wọ́n ń kọ, ṣùgbọ́n ohùn wọn máa ń gòkè níbi tí tiwa ti ń sọ̀ kalẹ̀. Mo wá kọ́ láti máa dákẹ́ díẹ̀ níparí ìlà kọ̀ọ̀kan, kí n gbọ́ ibi tí wọ́n fẹ́ gbà kí n tó tẹ̀lé wọn.

Ọ̀sẹ̀ kẹfà ni mo ṣe nǹkan tí mi ò lè gbàgbé. A wà nínú yàrá kan ní Òkè-Onígbìn. Màmá Àdúkẹ́ dùbúlẹ̀ bí aláìsàn, ọkùnrin kan tó ń ṣe pásítọ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Èmi di ọ̀pá oparun gígùn kan mú, iná wà lórí rẹ̀, mo sì nà án sókè kọjá orí wọn. Ọkùnrin náà gbé ọwọ́ sókè, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà."

Mo dijú.

Mi ò mọ̀ pé mo dijú. Láti ọmọ ọdún mẹ́ta, tí mo bá ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, ojú mi a pa dé fúnra rẹ̀. Mo tilẹ̀ ṣe Àmín, Àmín gidi, sókè. Òórùn aṣọ tó ń jó ló là mí lójú. Ọ̀pá ti rọ̀ sílẹ̀, iná ti fara kan kọ́tìnì. Alfa Jímọ̀ fa wáyà yọ, ẹnì kan bu omi lù ú. Màmá Àdúkẹ́ fò dìde lórí ibùsùn àìsàn.

"Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi yọ̀! Mo ti gba ìwòsàn!"

Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín àyàfi Bàbá Oyèníran. Wọ́n rọra rìn wá sọ́dọ̀ mi.

"Ta ló ṣe Àmín?"

"Èmi ni, sà."

"Sí àdúrà ta ni?"

"Ti pásítọ̀, sà."

"Pásítọ̀ wo? Télọ̀ ni ọkùnrin yìí." Wọn ò rẹ́rìn-ín. "Ẹni tó di iná mú kì í dijú. O lè jó èèyàn mọ́lé. Tó bá tún ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, kó ẹrù ẹ."

Ó lè dà bí nǹkan kékeré lójú ẹlòmíràn. Lójú mi kò kéré. Nínú ilé wa, ẹni tó bá lajú nígbà àdúrà, ìka màmá mi ni yóò fi orí gbà. Fíìmù àdúrà sì ni fíìmù wa. Kò sí ìran tí wọn kì í ti í pe orúkọ Ọlọ́run. Mo lọ dúró níwájú dígí, mo gbìyànjú láti gbàdúrà kí ojú mi là. Mo dà bí olè tó ń bojú wẹ̀yìn.

Alfa Jímọ̀ ló gbà mí. Wọ́n ti ìrun dé, wọ́n bá mi níbi tí mo ti ń nu iná.

"Ẹ̀yin ń di ojú yín. Àwa kì í di tiwa tí a bá ń kírun. Ṣé o mọ̀?"

"Mi ò mọ̀, sà. Kí lẹ máa ń wò?"

"Ibi tí a ó forí kàn. Ibẹ̀ nìkan. Ojú tó bá rí ibì kan dúró sí kì í rìn gbéregbère, ọkàn náà kì í rìn." Wọ́n fi ìka kan àmì ìmọ́lẹ̀ lára ògiri. "Wá ibi tí iná ti kan ẹni tó ò ń tàn án sí. Fi ojú síbẹ̀. Ẹnu ẹ lè máa bá Ọlọ́run ẹ sọ̀rọ̀ lọ."

Ojoojúmọ́ ni mo fi ń kọ́ ọ, níwájú ògiri yàrá mi. Mi ò sọ ọ́ fún màmá mi.

Ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn ni màmá mi pè mí lórí fóònù, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.

"Ọ̀gá ilé-ìwé ránṣẹ́. Wọ́n ní kí o fèsì kí ọjọ́ Ẹtì tó kọjá. Wọ́n ti rí ẹlòmíràn."

"Ọjọ́bọ̀ la máa ya ibi tó le jù, mà. Bàbá Oyèníran ò tíì sọ nǹkan kan fún mi."

"Ẹ̀gbọ́n bàbá ẹ ní kí o máa bọ̀."

"Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́?"

"Èmi ò mọ iná, ọmọ mi. Olùkọ́ ni mo mọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n fi fíìmù yẹn hàn, gbogbo wa ti dìde, ìwọ nìkan lo ṣì ń wo aṣọ funfun. Mo rí ẹ."

Lọ́jọ́rú, mo fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá ilé-ìwé pé kí wọ́n fi ààyè náà fún ẹlòmíràn. Kò sí ibòmíràn tí mo lè gbójú lé mọ́ àyàfi ẹnu Bàbá Oyèníran.

Àṣà wa ni pé gbogbo òṣìṣẹ́ máa ń gbààwẹ̀ di ọ̀sán lọ́jọ́ iṣẹ́. Màmá Àdúkẹ́ kò fi mọ bẹ́ẹ̀. Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, mo gbé ẹ̀kọ àti àkàrà síwájú rẹ̀, ó tì í sẹ́yìn. Ọjọ́ kẹta rẹ̀ nìyẹn láìjẹ, láìmu.

"Mo ń tọrọ kí Ọlọ́run bá mi sọ̀rọ̀ nínú ìran òní ni. Bàbá ò gbọdọ̀ gbọ́ o. Tó bá gbọ́, á gbé e fún obìnrin ará ìlú Bàbáńlá yẹn, tí kò lè sunkún láìsí àlùbọ́sà."

"Mà, ẹ mu omi nìkan."

"Ṣèlérí fún mi."

Mo ṣèlérí. Kí Ọlọ́run forí jì mí.

Ìran náà rọrùn láti sọ. Ìyá kan jókòó lẹ́nu ọ̀nà ilé amọ̀ àtijọ́, ó ń gbàdúrà fún ọmọ rẹ̀ tó wà nílẹ̀ òkèèrè. Èmi di pátákó funfun mú, mo ń gba oòrùn alaásárì sórí rẹ̀, mo ń dá a padà sí ẹ̀gbẹ́ ojú Màmá. Bí oòrùn bá ti ń sún, kí èmi náà máa yí pátákó díẹ̀díẹ̀. Bàbá fẹ́ kó lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìdúró. Alfa Jímọ̀ wo ọ̀run, wọ́n ní, "Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni oòrùn yìí máa fún wa."

"Ó yá," ni Bàbá wí.

Màmá Àdúkẹ́ bẹ̀rẹ̀ bó ṣe wà nínú ìwé eré. Lẹ́yìn náà, ó fi ìwé sílẹ̀. "Olúwa, ọmọ tó lọ sí ibi tí wọn ò ti mọ orúkọ baba rẹ̀. Tó ń rẹ́rìn-ín lójú wa, tó ń lọ sunkún nínú yàrá. Má jẹ́ kó padà lófo." Mo mọ̀ pé èmi ni. Gbogbo àwọn tó dúró ti tẹrí ba: télọ̀, ẹni tó di máìkì mú, gbogbo wọn ti dijú. Ìpéǹpéjú mi wúwo. Mo fi ojú mi sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, mi ò mú un kúrò. Mo ń ṣe Àmín nínú, ọwọ́ mi ń yí pátákó.

Ìgbà náà ni ìmọ́lẹ̀ yí padà.

Èmi ò ṣípò. Kùrukùru ò bo oòrùn. Ṣùgbọ́n iwájú orí rẹ̀ tó gbẹ tẹ́lẹ̀ wá dán lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni pé wọ́n da òróró sí i. Ètè rẹ̀ di eérú. Àmì ìmọ́lẹ̀ kékeré inú ẹyinjú rẹ̀ kú, ẹnu rẹ̀ sì ṣì ń gbàdúrà lọ. Bàbá gbé ojú sínú kámẹ́rà, wọn ò mira.

Mi ò ní purọ́. Mo rò ó pé kí n máa di pátákó mú lọ. Mo ro ilé-ìwé tí mo ti kọ̀, mo ro oòrùn tí kò ní padà, mo ní bóyá ojú mi ló ń ṣe mí. Kò pẹ́ ju kí ènìyàn mí lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n mo rò ó.

Mo ju pátákó sílẹ̀, mo sáré. Orí rẹ̀ bọ́ sí ọwọ́ mi kó tó kan òkúta ẹnu ọ̀nà.

"Ta ló gbé ìmọ́lẹ̀ kúrò?" Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ kí Bàbá pariwo nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí i.

Nígbà tí a ń gbé e sínú ọkọ̀, mo sọ òtítọ́ fún Bàbá. "Ọjọ́ mẹ́ta ló ti gbààwẹ̀ láìmu omi, sà. Mo mọ̀. Mi ò sọ." Ní ọsibítù, wọ́n fa omi sí i lára. Nígbà tó lajú, èmi ló kọ́kọ́ rí.

"Ṣé wọ́n yà á?"

"Wọn ò yà á tán, mà. Mo ju pátákó sílẹ̀."

"Èyí tí wọ́n rí yà ńkọ́? Ṣé ó dùn?"

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá Oyèníran pè mí wá wo ohun tí a yà. "Fi ibi tó o ti rí i hàn mí." Mo fi hàn wọ́n. Wọ́n dá a padà sẹ́yìn, wọ́n tún wò ó. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n wò ó kí wọ́n tó sọ̀rọ̀.

"Inú kámẹ́rà yìí ni ojú mi wà," ni wọ́n wí. "Mi ò rí i."

Wọ́n pa kámẹ́rà.

"Àṣírí tó o bá a pa mọ́ lè pa á. Mi ò fẹ́ irú ẹ̀ mọ́ nínú iṣẹ́ mi."

"Kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́, sà."

Wọn ò ní kí n dúró, wọn ò ní kí n máa lọ. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe wà fún ọ̀sẹ̀ méjì, mò ń sè fún Màmá Àdúkẹ́, mò ń fọ aṣọ rẹ̀, ẹrù mi wà nínú báàgì lẹ́sẹ̀ ibùsùn.

Nígbà tí ara rẹ̀ yá, a padà sí ilé amọ̀ náà. Kó tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ké sí gbogbo wa: "Mo ti jẹ ẹ̀kọ méjì pẹ̀lú ẹ̀wà o, kí ẹnikẹ́ni má wá fọwọ́ wọ́ mi nílẹ̀! Ọlọ́run tó fún mi lẹ́kọ ló máa fún mi lọ́rọ̀."

Alfa Jímọ̀ kírun tán, wọ́n gbé iná àti ẹsẹ̀ tó ń dúró lé lé èjìká, wọ́n wá sí àárín àgbàlá. Wọ́n dúró síbẹ̀, wọn ò sọ ọ́ kalẹ̀. Mo rò pé wọ́n ń retí Bàbá Oyèníran. Bàbá gbé ojú kúrò nínú kámẹ́rà, èmi ni wọ́n yíjú sí.

"Ibo ni ká gbé e sí?"

Mo mọ̀ pé ìdáhùn tí mo ti ń retí nìyẹn. Mo wo ojú Màmá Àdúkẹ́ dáadáa, mo wo oòrùn, mo tún wo ojú rẹ̀. Mo nawọ́ sí igun ògiri, lápá òsì. Alfa Jímọ̀ gbé iná lọ síbẹ̀.